Jẹnẹrétọ̀ Tí Mo So Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tèmi fún yín. Múráínà ni orúkọ mi, rewáyà sì ni mí. Iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe: kí ọkọ̀ jí nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí hóònù ké, kí iná iwájú tàn dáadáa. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é, láti Ìfọ̀ dé Ìbafò títí dé Mówè. Bí ẹ bá ń retí ìtàn akọni, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe wáyà ló kó mi sí wàhálà jù. Ẹnu mi ni, àti ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló mú mi wá sí Ìfọ̀, ó fà mí lé Ọ̀gá Bísíríyù lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ní eegun mi nìkan ni òun fẹ́ gbà padà. Ẹ má bi mí léèrè iye tí wọ́n ń san. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó, ìyà ló ń gbà, ìyẹn kì í sì í pẹ́ kó tó wọlé.

Ọ̀gá Bísíríyù kúrú, kì í pariwo, kì í sì í gbàgbé. Ní ọdún àkọ́kọ́, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sukurudiráfà. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ orí bátìrì, àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ dì wá lójú, á kó ìdì wáyà lé wa lọ́wọ́, á ní ká fi ìka wá èyí tó lọ sí hóònù. Ẹni tó bá ṣì í kò ní jẹun ọ̀sán, nítorí ọ̀gá gbà pé ebi ń la ọpọlọ. Èyí tó burú jù ni òfin bátìrì. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan wáyà láìkọ́kọ́ yọ orí bátìrì, á gbé bátìrì náà lé orí ara rẹ̀, á sì dúró sójú ọ̀nà títí wọn yóò fi pe ìrun àsárì, kí gbogbo èrò ọjà lè rí i.

Ibi ìjìyà yẹn ni èmi àti Tìámíyù ti di ọ̀rẹ́. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó dé ní ọdún kan lẹ́yìn mi. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, mo sì fi orúkọ náà ṣe oyè. Ẹní kan la jọ ń sùn lé, ìkòkò kan la jọ ń sè. Lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì jọ gbé bátìrì lórí, ó ní òun kò mọ̀ pé gbígbé ẹrù ìyàwó wà lára iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rín pa mí, bátìrì fẹ́ já bọ́, ọ̀gá sì fi wákàtí kan kún un fún wa.

Nígbà tí a kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Mówè la wá. Ṣọ́ọ̀bù méjì la kọ́, ògiri kan ló wà láàárín wa. Irinṣẹ́ ń yí padà, àwa náà ń yí. Ayé pọ́ìntì àti kọ́ìlì, tí wọ́n fi ń dáná fún ẹ́ńjìnnì, la kọ́ṣẹ́ bá. Bí ọkọ̀ kò bá jí nígbà náà, gílóòbù kékeré àti wáyà méjì ti tó láti fi wá àìsàn rẹ̀. Lójijì ni ọkọ̀ tó ní ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tí a máa fi bá ọpọlọ náà sọ̀rọ̀, skáánà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan skáánà, gẹ̀ẹ́sì tó kó bò mí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa á kíá, mo sọ fún oníbàárà pé ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ sinmi. Tìámíyù ló jókòó tì mí fún oṣù kan tí mo fi mọ̀ ọ́n lò. Skáánà kan ṣoṣo la jọ rà, a ń nà án síra wa lórí ògiri.

Ibi tí òṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ méjì ló wà ládùúgbò wa. Àmì wọn ni a fi ń pè wọ́n: àwọn kan ní àkàsọ̀, a ń pè wọ́n ní Alákàsọ̀, àwọn kejì ní ìkòkò, àwọn ni Oníkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tìámíyù ti ìpàdé Alákàsọ̀ dé pẹ̀lú fìlà búlúù, ó ní wọ́n ti fi òun ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹni tí mo ṣáájú dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Bísíríyù wá dépò, èmi jókòó lásán? Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo wọ ẹgbẹ́ Oníkòkò. Ìdí tí mo fi ṣe òṣèlú kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ìlànà ẹgbẹ́ ló wọ òun lójú, ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún un. Ní tèmi, ohunkóhun tí Alákàsọ̀ bá fẹ́ràn ni mo kórìíra láti ọjọ́ náà. Ẹnu mi mú, nítorí náà kò pẹ́ tí mo fi di igbákejì alága.

Alákàsọ̀ ló ń ṣèjọba nígbà tí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì dé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í mu epo. Wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n sì ya àkàsọ̀ gàdàgbà sí i lára. Ká ní kò sí àkàsọ̀ yẹn ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ sáré lọ tú u wò, nítorí wáyà lásán ni gbogbo ara rẹ̀, wáyà sì ni ayé mi. Ṣùgbọ́n àkàsọ̀ wà níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án rí, síbẹ̀ gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ṣe wáàsí nípa rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Mo ní bí òjò bá rọ̀, á gbé ènìyàn mì. Mo ní ọkùnrin tó bá jókòó lé bátìrì yẹn fún oṣù mẹ́fà, kó máa dágbére fún ọmọ bíbí. Mo ní ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń kó o lọ bá ìjọba. Ibi tí mo ti rí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, èmi gan-an kò mọ̀.

Àwọn Alákàsọ̀ kò sàn jù wá lọ. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ náà kò lè bàjẹ́ láé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni iná ìjọba kò wá, wọ́n ṣì ń ní kò sóhun tó rọrùn tó ṣáájì. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ láti Ìbafò dé Mówè nínú oòrùn, ó ń kọrin ẹgbẹ́ bọ̀. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní eré ìdárayá ni òun ń ṣe. Àwọn tó ń yìn ín kò mọ̀ ọ́n, àwa tí à ń bú u kò mọ̀ ọ́n. Tìámíyù nìkan ló mọ̀ ọ́n, torí ó lọ kọ́ ọ fún oṣù mẹ́rin, ó sì to sólà sórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti máa fi ṣáájì fún àwọn èèyàn.

Bí àwọn oníbàárà ṣe pín sí méjì nìyẹn. Oníkòkò àti ọkọ̀ elépo, ọ̀dọ̀ mi. Alákàsọ̀ àti oníbátìrì, ọ̀dọ̀ Tìámíyù. A ṣì ń kí ara wa, ṣùgbọ́n a kò jọ jẹun mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì na nǹkan kọjá lórí ògiri mọ́. Ó dùn mí. Lójoojúmọ́ ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́, torí igbákejì alága ni mí.

Lẹ́yìn náà ni epo wọ́n. Àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ sílé, eruku sì ń bo ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó mi Sìdíkátù ń kó píọ̀ wọ́tà láti Ìbafò lọ fún àwọn ọlọ́jà ní Mágbòrò, kẹ̀kẹ́ elépo rẹ̀ sì ń jẹ gbogbo èrè. Ní ọjọ́ kan tí mo ti iṣẹ́ dé, mo bá kẹ̀kẹ́ búlúù nínú ọgbà mi, tòun ti àkàsọ̀ lára. Ó ti ta ti àtijọ́, ó ti ra oníbátìrì, kò sì bi mí, torí ó mọ ohun tí mo máa sọ.

Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ wò ó o, kò pariwo rárá."

Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀."

Mo ti búra ní ìpàdé pé irú nǹkan yẹn kò ní wọ ọgbà mi láé. Bó bá ń kọjá láìsí ariwo, gbogbo Mówè ni yóò mọ ohun tó jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo ha àkàsọ̀ náà kúrò, mo kun kẹ̀kẹ́ ní yẹ́lò, àwọ̀ ẹgbẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ni mo gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀, mo fi okùn so ó, mo fi tapólì bò ó, mo sì yọ ẹnu páìpù rẹ̀ sí ìta. Kò so pọ̀ mọ́ nǹkan kan nínú kẹ̀kẹ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pariwo, kó sì máa rú èéfín.

Sìdíkátù yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Nítorí epo wọ́n ni mo ṣe ra èyí. Ẹ wá fẹ́ máa ra epo fún èéfín?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣiṣẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Àwọn ará ẹgbẹ́ ń yin kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, wọ́n ní ẹ wo ọkọ̀ ọmọlúàbí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Alága wa, Gbádébọ̀, bi mí léèrè irú ọ́ìlì tí mò ń lò, torí èéfín rẹ̀ wù ú. Tìámíyù wò ó láti ẹ̀yìn ògiri lọ́jọ́ kan. Ó wò ó pẹ́, ó húkọ́ díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ wa ṣe ìpolongo ní pápá tó wà níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa. Sìdíkátù ni wọ́n ní kó kó omi wá. Èmi ni wọ́n fún ní maikirofóònù láti bú oníbátìrì, mo sì ń bú u dé góńgó. Mo ní bátìrì kò lè gbé ẹrù. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ gidi hàn yín, mo sì nawọ́ sí ìyàwó mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò omi rẹpẹtẹ. Gbogbo èrò yíjú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Tápù epo jẹnẹrétọ̀ náà ti ń jò láti àárọ̀, epo sì ń kán sórí páìpù gbígbóná. Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì dúró tán tí tapólì fi gbiná. Èrò ya. Àwọn kan sáré wá ràn wá lọ́wọ́, wọ́n ń fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ síná lọ́kọ̀ọ̀kan, iná náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bá òun jà. Sìdíkátù fẹ́ fò bọ́ sílẹ̀, ìró rẹ̀ há sára ìjókòó. Abẹ́ ìjókòó yẹn sì ni bátìrì ńlá wà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí ibí yìí ni ojú ti ń tì mí títí dòní. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ṣe láyé mi, mo lè di ojú kí n sì mọ ibi tí mo máa ti gé iná rẹ̀. Èyí tí ìyàwó mi jókòó lé ni mi ò mọ̀. Mi ò ṣí i wò rí, torí ẹgbẹ́. Mo dúró síbẹ̀, maikirofóònù lọ́wọ́ mi.

Tìámíyù ló sáré la àárín àwọn Oníkòkò kọjá, tòun ti fìlà búlúù rẹ̀. Ó fa ìró Sìdíkátù ya, ó gbé e bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí ìjókòó, ó yọ nǹkan kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tó gé iná bátìrì, ó fi pínsì gé okùn, ó sì fi ẹsẹ̀ ti jẹnẹrétọ̀ sínú gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi yanrìn pa ìyókù. Àwọn èrò kò rí jẹnẹrétọ̀ náà, èéfín ni wọ́n rí. Ẹnìkan kígbe pé oníbátìrì ni, pé bátìrì ló bú, ìjókòó tó ṣí sílẹ̀ sì fi bátìrì hàn. Inú alága wa dùn bí ẹni tó rí oúnjẹ sàárì. Ó gba maikirofóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé àwọn kò ti sọ ọ́.

Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, alága ti wá sílé mi. Ó ní ipò mi nínú ẹgbẹ́ kò yẹ̀, pé òun á sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn Alákàsọ̀ ló tan ìyàwó mi jẹ. Ó ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pé kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Tìámíyù, torí ó ń kó ohun tó ń jóni wọ àdúgbò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni ìpàdé ẹgbẹ́ mẹkáníìkì náà. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo máa ṣe kò ju pé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá sọ òtítọ́, ipò mi lọ, mo sì di ẹni yẹ̀yẹ́ láti Mówè dé Àgbàdo. Bí mo bá purọ́, ọ̀rẹ́ mi kò ní ibòmíràn tó máa lọ. Gbogbo ohun tó ní láyé ló ti kó sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Tìámíyù kò wá bẹ̀ mí. Sìdíkátù náà kò bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ dúró, òun ló sáré. Ẹ má gbàgbé bí ẹ bá débẹ̀."

Ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹ̀sín méjì ló wà níwájú mi, mo ní láti mú ọ̀kan. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú gọ́tà, mo sì gbé jẹnẹrétọ̀ náà jáde. Nígbà tí wọ́n pè mí ní ìpàdé, mo gbé àpò kan lé tábìlì, mo tú u. Ó ti dúdú, omi gọ́tà sì ń kán lára rẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe bátìrì ló gbiná. Èyí ni. Èmi Múráínà ni mo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, kí ẹ má baà mọ̀ pé oníbátìrì wà nílé mi. Tìámíyù kò lọ́wọ́ sí i, àfi pé òun ló yọ ìyàwó mi nínú rẹ̀."

Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ Oníkòkò wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Múráínà, èéfín tí a ti ń yìn láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Mò ń ra epo fún un ni, sà."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà kò mọ ẹgbẹ́ Alákàsọ̀ yàtọ̀ sí Oníkòkò. Ààrẹ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì rọra ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì. Gbádébọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè bóyá Alákàsọ̀ ti fún mi ní nǹkan. Wọ́n yọ mí nípò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn sì sọ mí ní Bàbá Eléèéfín. Wọn kò ti ṣọ́ọ̀bù Tìámíyù.

Ìbò dé, Oníkòkò wọlé. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìjọba wa kọ́kọ́ kó dé? Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ni, irú kan náà, yẹ́lò ni wọ́n kùn ún, wọ́n ya ìkòkò sí i lára. Gbádébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé kò sóhun tó dára tó o. Àwọn Alákàsọ̀ náà yí padà, wọ́n ní bí òjò bá rọ̀, á gbé ènìyàn mì, pé ẹni tó bá jókòó lé e kò ní bímọ. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ, wọn kò tilẹ̀ yọ ọ̀kan kúrò. Nítorí pé Tìámíyù ń tún àwọn yẹ́lò náà ṣe, wọ́n yọ òun náà nípò akọ̀wé. Bátìrì inú kẹ̀kẹ́ ni kò yí padà ní tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta nígbà náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sí i, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Mo wá kọ́ṣẹ́ ni."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo sọ fún un pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìyàwó mi wà nínú iná, mo sì dúró pẹ̀lú maikirofóònù, pé mi ò fẹ́ kú pẹ̀lú irú àìmọ̀ yẹn. Ó ju ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí mi, ó ní kí n wá di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan mú.

Ọdún méjì ni mo fi ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní dandan ni ká ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi, bí a ti ń ṣe é fún gbogbo ọmọ iṣẹ́: kí n kúnlẹ̀ níwájú èrò, kí ọ̀gá gbọ́wọ́ lé mi lórí, kó ṣàdúà, kó sì tú mi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi méjèèjì dún. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ń ṣàdúà lọ bó ṣe yẹ, títí tó fi dé ibi tí wọ́n máa ń sọ pé o ó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó wo ewú orí mi, kò lè parí àdúà náà mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín, torí èmi náà ń ṣe méjèèjì. Àwọn èèyàn ló fà wá dìde.

Ní ọjọ́ kejì ni mo fẹ̀yìn tì. Mi ò tíì dá gba iṣẹ́ oníbátìrì kankan láyé mi. Ṣùgbọ́n bí iná bá tún mú kẹ̀kẹ́ Sìdíkátù, mo mọ ibi tí mo máa nawọ́ sí.